Ohun Tó Bá Imú Ló Bá Ojú

Ẹ mú fótò ẹnìkan tí ẹ mọ̀ dáadáa, ẹ fi ìka kan bo imú rẹ̀, kí ẹ sì wo ìyókù. Ojú méjèèjì a bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ẹni pé wọ́n jìnnà sí ara wọn, ètè a dà bí èyí tí kò mọ ibi tí òun yóò dúró sí, ẹ ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sọ bóyá àgbọ̀n gùn tàbí ó kúrú. Ẹ gbé ìka kúrò, ohun gbogbo a padà sí àyè rẹ̀. A kò fọwọ́ kan ojú, a kò sì fọwọ́ kan ètè. Imú nìkan ni a bò. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tó bá ojú ló bá imú. Ìgbà tí ìyà ẹnìkan bá kan ẹbí rẹ̀ ni a sábà máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n bí a bá mú un gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gbọ́ ọ gan-an, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni nípa ara ènìyàn. Bí a bá sì yí i padà, òótọ́ náà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́ láàárín wa. Láti Kútọnu dé Lomé, láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní tẹlifóònù lọ́wọ́ ti mọ orúkọ tí àwọn Faransé fún iṣẹ́ abẹ tí a fi ń tún imú ṣe: rhinoplastie. Wọ́n mọ ibi tí a ti ń ṣe é pẹ̀lú. Túnísíà ni ọ̀pọ̀ wọn ń dárúkọ, nítorí pé ó pẹ́ tí àwọn aláìsàn láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ń sọ Faransé ti ń lọ síbẹ̀ fún ìtọ́jú. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo ń kọ́ni. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan tí ó wà ní kíláàsì ìkẹyìn sọ fún mi pé bí òun bá ti ríṣẹ́, owó imú ni òun yóò kọ́kọ́ tọ́jú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní onímú pẹrẹsẹ láti ìgbà tí ó ti wà ní kékeré. Ó bi mí bóyá iṣẹ́ náà léwu. Mo dá a lóhùn lórí ewu, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kò bi mí, tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí imú bá yí padà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìyókù ojú tí abẹ kò kàn?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àjèjì ló kọ́kọ́ kọ́ wa láti máa fọwọ́ kan imú. Ta ni nínú wa tí ìyá àgbà kò fi omi gbígbóná fa imú rẹ̀ nígbà ìwẹ̀, tí kò fi ọwọ́ mọ orí rẹ̀ kí ó lè rí rogodo? Eegun rírọ̀ inú imú ọmọ tuntun máa ń tẹ̀, ó sì máa ń padà. Inú ohun tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni ìrísí imú rẹ̀ wà, kì í ṣe inú omi gbígbóná. Àwọn olóólà pẹ̀lú fi abẹ kan ojú wa. Àwọn àgbà tí ó kọ pélé, àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́ ṣì wà láàárín wa, ẹni tí ó bá sì wo ilà tí ó dára yóò rí i pé ó ní bí ó ṣe bá ẹnu, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mu. Ìyàtọ̀ kan wà, ó sì tóbi lójú tèmi. A ń kọ ilà kí ojú lè sọ ilé tí ènìyàn ti jáde. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń ṣe iṣẹ́ abẹ imú kí ojú má baà sọ ọ́ mọ́.

Ìtàn iṣẹ́ náà fi èyí hàn. Kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹwà. Ní ilẹ̀ Íńdíà àtijọ́, gígé imú jẹ́ ìyà tí a fi ń dójú ti ènìyàn. Ìwé ìṣègùn tí a so mọ́ orúkọ Sushruta sì ti ṣàlàyé bí a ṣe lè fi awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe imú mìíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń lo awọ iwájú orí. Ní 1597, Gaspare Tagliacozzi ti ìlú Bologna ní Ítálì tẹ ìwé jáde lórí ọ̀nà tirẹ̀: awọ apá ni ó ń lò, aláìsàn a sì wà pẹ̀lú apá tí a so mọ́ ojú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí awọ yóò fi gbà. Ní 1794, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ròyìn ará Íńdíà kan tí wọ́n fi awọ iwájú orí ṣe imú fún. Oníṣẹ́ abẹ kan tí ń jẹ́ Joseph Carpue dán irú rẹ̀ wò ní ìlú náà, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1816. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ń fún ẹni tí kò ní imú ní imú ni.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 1887, John Orlando Roe ní Rochester, ní Amẹ́ríkà, ròyìn bí òun ṣe tún ṣóńṣó imú ṣe láti inú ihò imú, tí àpá kò fi hàn lójú. Ní 1898, Jacques Joseph ní Berlin dín imú ọkùnrin kan kù. Ìlera ọkùnrin náà pé, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ìtìjú kò jẹ́ kí ó lè jáde sáàárín ènìyàn. Júù ni Joseph. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá bá a jẹ́ Júù, tí wọ́n ń gbé láàárín àwùjọ tí ń fi imú wọn ṣẹ̀sín nínú àwòrán àti ọ̀rọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ènìyàn má tètè dá wọn mọ̀. Ó kú ní 1934, ọdún kan lẹ́yìn tí Hitler gba ìjọba. Nígbà tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àjàṣẹ́ bá sọ fún mi pé òun fẹ́ gé imú kúrò lẹ́nu àwọn ẹlẹ́yà, èmi a rántí àwọn aláìsàn Berlin wọ̀nyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á wá wọ inú iṣẹ́ náà gan-an. Ohun tí oníṣẹ́ abẹ lè yí padà kò pọ̀. Ó lè gbé igi imú sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó lè gé eegun láti mú kí igi náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè tún ṣóńṣó ṣe, ó lè gé díẹ̀ nínú ẹran ẹ̀gbẹ́ imú kí ihò méjèèjì lè súnmọ́ra. Ohun tí ó ń yí padà lójú ẹni tí ń wò wá ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Bí igi imú bá ga, òjìji a wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, àlàfo tí ó wà láàárín ojú a sì dà bí èyí tí ó dín kù. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti súnmọ́ ara wọn tẹ́lẹ̀ lè jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí àwọn ènìyàn máa bi í pé kí ló ṣe ojú rẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ojú ọ̀hún. Bí a bá rẹ igi imú tí ó ga sílẹ̀ jù, ojú a jìnnà sí ara wọn, àárín ojú a sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ṣóńṣó bá yíjú sókè ju bí ó ti yẹ lọ, ètè òkè a dà bí èyí tí ó gùn sí i, ihò imú a sì máa wo ẹni tí ó wà níwájú.

Èyí tí ó kan àwa jù ni fífún ìsàlẹ̀ imú pọ̀. Ènìyàn tí ètè rẹ̀ kún, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbòòrò, imú tí ó fẹ̀ ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Ẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní imú tẹ́ẹ́rẹ́: ẹnu rẹ̀ a fẹ̀ lójijì, ètè rẹ̀ a dà bí èyí tí ó wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ a tóbi. Ètè náà kò yí padà rárá. Ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n ni ó yí padà. Nígbà náà ni ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ètè ni ó kù tí ó yẹ kí òun tún ṣe, ibẹ̀ ni àwọn kan sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò tí kì í tán.

Àgbọ̀n náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Bí a bá wo ènìyàn láti ẹ̀gbẹ́, imú àti àgbọ̀n dà bí igbá méjì òṣùwọ̀n: bí àgbọ̀n bá sún sẹ́yìn, imú a dà bí èyí tí ó yọ jù, bí ìwọ̀n rẹ̀ tilẹ̀ tọ́. Oníṣẹ́ abẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè wo ẹni tí ó wá rojọ́ imú ńlá, kí ó sì sọ fún un pé àgbọ̀n ni ó kéré. Nígbà mìíràn wọn a ṣe méjèèjì pọ̀, kí wọ́n gbé àgbọ̀n síwájú díẹ̀, kí wọ́n má sì dín imú kù tó bí wọn ìbá ti ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ojú tí kò dọ́gba. Kò sí ẹni tí apá ọ̀tún ojú rẹ̀ bá ti òsì mu pátápátá. Imú tí ó wọ́ díẹ̀ lè máa fi ìyàtọ̀ yẹn pamọ́. Bí a bá tún un ṣe kí ó gún régé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó ga ju èkejì lọ a wá hàn kedere.

Kí ni àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń wọ̀n ojú? Fún ìgbà pípẹ́, ìwọ̀n àwọn ayàwòrán Yúróòpù ni, àwọn bíi Leonardo da Vinci, tí wọ́n fi ojú wo àwọn ère Gíríìkì àti Róòmù. Ìwọ̀n náà pín ojú sí ìdá mẹ́ta lóòró: láti ibi tí irun orí bẹ̀rẹ̀ dé irun òkè ojú, láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ imú, láti ìsàlẹ̀ imú dé àgbọ̀n. Ó pín in sí ìdá márùn-ún níbùú, tí ìdá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìbú ẹyinjú kan. Ó sì ní ìbú imú gbọ́dọ̀ bá àlàfo àárín ojú méjèèjì mu. Mo gbà pé ó dùn ún kọ́ni, ó sì dára fún ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán. Ṣùgbọ́n ní 1985, Leslie Farkas, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Toronto ní Kánádà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n lé ojú àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun gan-an, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú òfin wọ̀nyí kò bá ojú púpọ̀ nínú wọn mu. Ní 2000, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ Áfíríkà ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, imú tí ó fẹ̀ ju àlàfo àárín ojú lọ ni ó wọ́pọ̀ jù. Òfin tí kò bá àwọn tí wọ́n ṣe é fún mu, báwo ni a ó ṣe fi dá ará Kétu lẹ́jọ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ojú tí imú rẹ̀ fẹ̀ lè wà ní ìdọ́gba, kí ó wo àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ilẹ̀ láti kọ́lé. Ẹran ẹ̀gbẹ́ imú wọn gbòòrò, ètè wọn kún, kò sì sí èyí tí ó ń bá èkejì jà. Leo Frobenius, ará Jámánì tí ó dé Ifẹ̀ ní 1910, rí ẹwà irú ère bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ràn láti gbà pé àwọn ará Átílántíìsì ló kọ́ wa ju kí ó gbà pé àwa ni a ṣe é. Kò rí ohun tí ó lòdì nínú imú wọn, ó kàn fi ẹwà wọn fún ẹlòmíràn ni.

Nílé wa níhìn-ín, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ilé ẹ̀kọ́ ìdọ́gba ojú. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Àwọn agbẹ́gilére máa ń ṣe iṣẹ́ wọn ní ìpele: ọnà lílé ni àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti ń la igi sí ìrísí ńlá; alétúnlé tẹ̀ lé e, tí ojú, imú àti ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í jáde; lẹ́yìn náà ni dídán àti fínfín. Kò sí agbẹ́gilére tí ó ń gbẹ́ imú tán kí ó tó mọ ibi tí ojú yóò wà. Bí imú bá kéré ju bí ó ṣe rò lọ, ó ṣì lè fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó lè dín ètè kù, kí gbogbo rẹ̀ lè tún bára mu. Oníṣẹ́ abẹ kò ní irú àǹfààní yẹn. Orí ère tí ẹlòmíràn ti gbẹ́ tán ni wọ́n gbé fún un, imú nìkan ni wọ́n sì gbà á láyè láti fọwọ́ kàn.

Imú tí ó fẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe ìṣẹ̀dá pẹ̀lú. Ní 2017, àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Pennsylvania tẹ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé ìbú ihò imú bá ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá ènìyàn ti wá rìn. Ní ilẹ̀ tútù tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, imú tóóró wúlò fún mímú afẹ́fẹ́ gbóná àti fún fífi omi sí i kí ó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Ní etí òkun tiwa níhìn-ín, afẹ́fẹ́ ti gbóná, ó sì ti tutù fún omi kí ó tó wọ imú wa.

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin yẹn. Mo béèrè irú fótò tí ó fi ń wo ara rẹ̀, ó sì gbé èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà jáde, tí tẹlifóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú rẹ̀. Ní 2018, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìṣirò kan jáde pé fótò tí a yà láti nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 ń mú kí imú hàn bí ẹni pé ó fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100, nígbà tí èyí tí a yà láti mítà kan àbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní irọ́ kankan nínú. Imú ni ó súnmọ́ ẹ̀rọ jù, òun náà ni yóò sì wú jù. Mo ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yà á láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ó wo fótò náà pẹ́. Kò sọ fún mi pé òun ti yí ọkàn padà, n kò sì bi í.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí iṣẹ́ abẹ yìí. Ọmọ tí a bí pẹ̀lú ètè lílà, tí imú rẹ̀ sì wọ́ nítorí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú, tí igi imú rẹ̀ fọ́. Ẹni tí kò lè mí láti ihò kan: iṣẹ́ àánú ni iṣẹ́ abẹ jẹ́ fún wọn. Àgbàlagbà tí ó ti rò ó dáadáa ní ẹ̀tọ́ sí ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé ojú ẹni náà gan-an ni kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tí ó mọ imú aláwọ̀ dúdú mọ èyí. Awọ imú wa sábà máa ń nípọn, eegun rírọ̀ abẹ́ rẹ̀ a sì máa rọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí ènìyàn bá kàn ń gé kúrò nínú rẹ̀, awọ náà kò ní rí ohun tí yóò tẹ̀ lé, ṣóńṣó a sì di ohun tí kò ní ìrísí. Nítorí náà, kíkọ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ́ ju gígé lọ: wọn a mú eegun rírọ̀ láti àárín imú, láti etí tàbí láti ìhà, wọn a sì fi ti imú lẹ́yìn. Awọ dúdú tún máa ń ní àpá tí ó ń wú ga kọjá ibi tí abẹ gbà, ẹni tí irú rẹ̀ bá wà ní ìdílé rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú. Kí ọmọ tí ojú rẹ̀ kò tíì dàgbà tán dúró ná. Kí ẹni tí ó bá sì ṣe é má ṣe fi ojú oṣù kìíní dá iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, nítorí pé wíwú imú lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lọ tán, pàápàá níbi ṣóńṣó, pàápàá jù lọ lábẹ́ awọ tí ó nípọn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, mímí ni iṣẹ́ imú. Nǹkan bí ìdajì ìdènà tí afẹ́fẹ́ ń bá pàdé kí ó tó dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, inú imú ni ó wà, ibi tí ó há jù sì wà ní ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ sínú, níbi tí ògiri ẹ̀gbẹ́ imú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri àárín. Ibẹ̀ gan-an ni abẹ ń kọjá nígbà tí a bá ń fún imú pọ̀, ẹni tí ó lọ fún ẹwà sì lè padà wálé pẹ̀lú imú tí ń dí lóru. Ìdánwò kékeré kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe lórí àga kó tó lọ rí dókítà. Fi ìka méjì lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, fà á díẹ̀ sí ẹ̀yìn, kí o sì mí sínú. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn ti há láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, oníṣẹ́ abẹ tí ó bá fẹ́ gé nínú irú imú bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí òun yóò fi gbé ògiri rẹ̀ dúró kí ó tó mú abẹ lọ́wọ́.